Bẹ́ ẹ ṣe lè fi sólà kékeré gbé kọ̀ǹpútà, ráútà àtàwọn ẹ̀rọ inú ilé yín: láti orí ìṣirò dé orí wáyà

Nínú ilé tí wọ́n ti ń fi sólà kékeré gbé kọ̀ǹpútà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà gan-an ló sábà máa ń pa bátìrì lóru. Ínfátà tó wà ní títàn tọ̀sán-tòru ni, òun àtàwọn ṣájà kéékèèké tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lára. Ẹ wò ó, iná tó wà nínú bátìrì, DC ni, ìyẹn iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ráútà, DC ló ń jẹ. Láptọ́ọ̀pù, DC. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ náà, DC. Síbẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fi ínfátà sọ DC bátìrì di AC, ìyẹn irú iná tó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ṣájà á tún sọ AC yẹn padà di DC, iná á sì máa ṣòfò níbi méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá lè gba àwọn ẹ̀rọ tí kì í kú lọ́wọ́ ínfátà, bátìrì kan náà tó ti ń kú láàárín òru á máa bá yín dé òwúrọ̀, láì tíì ra bátìrì míì.

Sólà kékeré tí mò ń sọ ni páńẹ́lì wáàtì 100 sí wáàtì 400, bátìrì fóltì 12 kan, kọ̀ntíróólà kan (òun ló ń darí iná láti páńẹ́lì sínú bátìrì), àti ínfátà kékeré tó bá pọn dandan. Kì í ṣe èyí tó ń gbé fíríìjì àti éàkọ́ńdíṣọ̀n o, tìyẹn yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye iná tí nǹkan yín ń jẹ ní ti gidi, torí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ṣájà kì í ṣe iye tó ń jẹ, ibi tó lè jẹ dé ni. Ṣájà láptọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ wáàtì 65 sí lára, tí bátìrì inú láptọ́ọ̀pù yẹn bá ti kún, tó jẹ́ pé ẹ kàn ń kọ nǹkan tàbí ẹ ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wáàtì 12 sí 25 ló sábà máa ń fà. Ìgbà tí bátìrì ẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, tó ń ṣáájì, tẹ́ ẹ tún ń fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìgbà yẹn ló máa sún mọ́ 65.

Mítà kékeré kan wà tẹ́ ẹ máa kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ẹ ó wá ki ẹ̀rọ yín bọ òun náà, á máa ka wáàtì fún yín. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, torí iye tẹ́ ẹ bá rí láàárín ìṣẹ́jú kan lè tàn yín jẹ. Ti USB náà wà, kò wọ́n, ẹ ní in lọ́wọ́.

Tí mítà ò bá tíì sí, ẹ lè fi àwọn iye yìí bẹ̀rẹ̀ ná. Ráútà ilé sábà máa ń jẹ wáàtì 6 sí 12. Mọ́nítọ̀ ínṣì 24 máa ń jẹ 15 sí 30, ó wà lọ́wọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Raspberry Pi 4, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, máa ń jẹ 3 sí 7. Mini PC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ṣeé gbé sẹ́yìn mọ́nítọ̀, 6 sí 25 tí iṣẹ́ ò bá le. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ńkọ́? Wáàtì 60 sí 150 nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lásán, tó bá wá ní káàdì gráfíìsì ńlá tẹ́ ẹ ń fi ṣe géèmù, ó lè kọjá 300 dáadáa. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó, àmọ́ lórí sólà kékeré, àyípadà kan ṣoṣo tó máa ràn yín lọ́wọ́ ju gbogbo ẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ kúrò lórí ẹ̀ lọ sórí láptọ́ọ̀pù tàbí mini PC.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò yìí pátápátá. Ó ní nǹkan tó ń gbóná nínú, tó bá fẹ́ tẹ̀wé ó lè fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, òmíì máa ń kọjá 1000, ínfátà kékeré á pariwo á sì kú. Èyí tó ń lo íńkì olómi ò ní wàhálà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìṣirò ọjọ́ kan

Wáàtì lọ́nà wákàtí tẹ́ ẹ fi lò ó ló máa fún yín ní wáàtì-wákàtí, òun ni wọ́n ń kọ bíi Wh. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ:

Ráútà wáàtì 8, wákàtí 24: 192Wh
Raspberry Pi tó ń tọ́jú fáìlì, wáàtì 6, wákàtí 24: 144Wh
Láptọ́ọ̀pù wáàtì 30, wákàtí 8: 240Wh
Mọ́nítọ̀ wáàtì 20, wákàtí 6: 120Wh
Fóònù méjì: 30Wh

Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 726Wh. Ẹ wo bí ráútà kékeré yẹn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù torí pé kì í sùn. Ohun tó kéré tí kò kú rárá máa ń jẹ ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Ẹ wá gbọ́ ti ínfátà. Ínfátà wáàtì 500 sí 1000 tó kàn wà ní títàn, tí kò gbé nǹkan kan, máa ń jẹ wáàtì 8 sí 20 fún ara ẹ̀. Ká mú 10. 10 lọ́nà 24 jẹ́ 240Wh. Láptọ́ọ̀pù yẹn tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ fún odindi wákàtí 8, iye tó jẹ náà nìyẹn o, tí ínfátà ṣe bẹ́ẹ̀ gbé e mì láìṣe iṣẹ́ kankan. Ó tún máa ń sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá nù nígbà tó bá ń yí iná padà. Torí náà tí gbogbo nǹkan òkè yẹn bá gba inú ínfátà kọjá, 726 pín sí 0.9 jẹ́ 807, ẹ fi 240 kún un, ó di nǹkan bíi 1050Wh. Tó bá jẹ́ DC tààrà pẹ̀lú converter (ẹ̀rọ kékeré tó ń yí fóltì DC kan padà sí òmíì) tó dáa tó ń sọ ìdá 8 nínú 100 nù, 726 pín sí 0.92, nǹkan bíi 790Wh ni. Àwọn ẹ̀rọ kan náà ni o, wákàtí kan náà.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa lo 790 láti ibí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bátìrì

Fóltì lọ́nà áńpì-wákàtí, ìyẹn Ah, ló ń fún yín ní Wh. Bátìrì líthíọ̀mù oríṣi LiFePO4, fóltì ẹ̀ jẹ́ 12.8, tó bá jẹ́ 100Ah ó ní 1280Wh nínú. Ẹ lè lo ìdá 80 nínú 100 ẹ̀ lójoojúmọ́ láìbẹ̀rù, ìyẹn 1024Wh. Ó tó fún 790 wa, díẹ̀ tún ṣẹ́ kù.

Tó bá jẹ́ bátìrì òjé, ì báà jẹ́ olómi, AGM tàbí jẹ́ẹ̀lì, ìdajì ni kẹ́ ẹ fi ọkàn sí. 12V 100Ah á fún yín ní 600Wh tó ṣeé lò. Fún 790, ẹ nílò nǹkan bíi 1580Wh, ìyẹn bíi 132Ah, 150Ah ni ẹ ó sì rà. Ó lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe ń fà á lọ sísàlẹ̀ tó ni ẹ̀mí ẹ̀ á ṣe kúrú tó. Tí wọ́n bá ń lò ó dé ìdajì lójoojúmọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ni ẹ máa kà, nígbà tí LiFePO4 máa ń lọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bátìrì ọkọ̀ wá kọ́ o, ẹ má lò ó rárá. Wọ́n ṣe é kó fúnni lágbára púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti ta ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe kí wọ́n máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ohun méjì kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. LiFePO4 ò gbọdọ̀ ṣáájì nígbà tí òun fúnra ẹ̀ bá tutù dé ìsàlẹ̀ 0°C, ó máa bà á jẹ́ láti inú. Bátìrì òjé sì máa ń tú gáàsì háídrójìn jáde tó bá ń ṣáájì, torí náà ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ ò gbà wọlé, ẹ má sì gbé kọ̀ǹpútà lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: páńẹ́lì àti kọ̀ntíróólà

Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ́lì, inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti rí i: ìmọ́lẹ̀ wáàtì 1000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, kí ara páńẹ́lì sì wà ní 25°C. Lórí òrùlé, ara ẹ̀ lè gbóná dé 60°C, ó sì máa ń sọ ìdá 0.3 sí 0.4 nínú 100 nù fún digíríì kọ̀ọ̀kan tó bá fi kọjá 25. Ẹ ṣírò ẹ̀: digíríì 35 lórí ẹ̀ ti gbé bíi ìdá 10 sí 14 lọ, ìdọ̀tí ò tíì mú tiẹ̀, wáyà ò tíì mú tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi 0.7 sọ ọ́ dipúpọ̀.

Ẹ wá wákàtí oòrùn tó péye níbi tẹ́ ẹ wà, kì í ṣe láti ìgbà tí oòrùn yọ dé ìgbà tó wọ̀ o, àpapọ̀ agbára oòrùn ọjọ́ kan ni wọ́n kó jọ bí ẹni pé ó wà lójú ọ̀sán gangan. Tó bá jẹ́ wákàtí 4: 790 pín sí 4, ẹ tún pín in sí 0.7, ó jẹ́ 282. Ẹ ra wáàtì 300. Àmọ́ ẹ lo nọ́ńbà oṣù tí oòrùn rẹ̀ kéré jù, ẹ má lo ti oṣù tó dáa jù. Tí wákàtí yẹn bá já wálẹ̀ sí 2.5, páńẹ́lì 300 yẹn ò ní mú ju 525Wh wá lóòjọ́, ẹ ó sì ní láti pa nǹkan kan tàbí kẹ́ ẹ fi páńẹ́lì kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá bátìrì lẹ máa fi kún àbí páńẹ́lì: tí bátìrì ò bá ń kún lójú oòrùn dáadáa, páńẹ́lì ni, bátìrì míì ò lè tọ́jú iná tí kò wọlé.

Kọ̀ntíróólà, oríṣi méjì ni. PWM kàn ń so páńẹ́lì mọ́ bátìrì tààrà ni, ó ń tàn ó ń pa kíákíá, torí náà fóltì bátìrì ni páńẹ́lì máa ṣiṣẹ́ lé. MPPT ń yí fóltì gíga padà sí áńpì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí rèé: wọ́n á ra páńẹ́lì ńlá ilé, wáàtì 300 tí fóltì ẹ̀ jẹ́ 32 tí áńpì ẹ̀ jẹ́ 9.4, wọ́n á wá so ó mọ́ bátìrì fóltì 12 pẹ̀lú PWM. 9.4 lọ́nà fóltì 13 tí bátìrì wà lórí ẹ̀ jẹ́ wáàtì 122. Ju ìdajì páńẹ́lì yẹn lọ ló ṣòfò bẹ́ẹ̀. PWM ò burú tó bá jẹ́ páńẹ́lì kékeré tí fóltì ẹ̀ wà ní 18, tó bá ti jẹ́ páńẹ́lì ńlá, MPPT ni dandan. Fún wáàtì 300 lórí bátìrì 12V, MPPT áńpì 30 tó. Tẹ́ ẹ bá so páńẹ́lì méjì pọ̀ kí fóltì wọn lè ga, ẹ wo Voc tí wọ́n kọ sẹ́yìn wọn, ìyẹn fóltì páńẹ́lì nígbà tí kò so mọ́ nǹkan kan, ẹ ro ó pọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ lórí ẹ̀ torí fóltì máa ń ga sí i tí òtútù bá mú, kó má lọ kọjá ohun tí kọ̀ntíróólà lè gbà.

Òjìji! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Inú páńẹ́lì, ńṣe ni wọ́n so àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé ara wọn, tí òjìji ẹ̀ka igi kan bá bo díẹ̀ nínú wọn, iná tó ń jáde á já wálẹ̀ gan-an, kì í ṣe ibi tí òjìji bò nìkan. Ẹ jáde lọ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó lu ìṣó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wáyà àti fíùsì

Fóltì 12 kéré, torí náà áńpì ló máa pọ̀, áńpì ló sì ń mú wáyà gbóná. Wáàtì 500 láti inú ínfátà túmọ̀ sí bíi áńpì 45 lórí wáyà bátìrì. Wáyà iná ilé lásán ò lè gbé e. Fún ínfátà wáàtì 500, ẹ lo 16mm², kó má gùn ju mítà kan lọ.

Gígùn wáyà náà ń jẹ fóltì. Ká ní áńpì 10 ń lọ sí tábìlì tó jìnnà mítà 5, lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ mítà 10. Lórí wáyà kọ́pà 2.5mm², fóltì 0.7 á ṣòfò sójú ọ̀nà, ìyẹn ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Lórí 6mm², kò pé 0.3. Tó bá jẹ́ ráútà áńpì kan nìkan, kò sí wàhálà, 2.5 ti pọ̀ jù fún un.

Fíùsì wá ni ohun tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lé lórí. Bátìrì LiFePO4 kékeré lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpì jáde tí pọ́sítífù àti nẹ́gétífù bá fara kanra, wáyà á pọ́n, á sì gbiná. Fíùsì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pọ́sítífù, nítòsí orí bátìrì gan-an, kó má jìnnà ju bí ọwọ́ kan lọ, torí gbogbo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì ni kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀rọ, nítorí náà agbára wáyà tó kéré jù lójú ọ̀nà yẹn lẹ máa fi yan fíùsì. Láti ibẹ̀, ẹ ní àpótí fíùsì kékeré bíi ti ọkọ̀, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀: ráútà áńpì 2, Pi áńpì 3, láptọ́ọ̀pù áńpì 10, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá máa lo bírékà, kó jẹ́ ti DC, kí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀. Iná AC ń kọjá òdo lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ẹ̀ ni iná tó ń fò nínú bírékà ẹ̀ ṣe ń kú fúnra ẹ̀. DC kì í kọjá òdo, ó lè máa jó lọ nínú bírékà AC kó sì yọ́ ọ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan orí bátìrì, ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ fi téèpù we ara sípánà, kó ku ẹnu ẹ̀ nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní DC tiẹ̀

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù, ibí yìí náà lèrè wà.

Ráútà. Ẹ yí ṣájà ẹ̀ padà kẹ́ ẹ kà á. Púpọ̀ ń lo fóltì 12, àmọ́ àwọn kan ń lo 9, àwọn kan 5. Ẹ wá àwòrán róbótó kékeré tó ní + àti −, òun ló ń sọ bóyá àárín ẹnu wáyà ló jẹ́ pọ́sítífù tàbí ìta ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e sódì ráútà lè jó. Tí ráútà bá jẹ́ ti fóltì 12, ọkàn yín á sọ pé kẹ́ ẹ kàn so ó mọ́ bátìrì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì fóltì 12 kì í dúró sí 12, tó bá ń ṣáájì ó máa ń dé 14.4, tó bá fẹ́ẹ́ tán ó lè wà ní 11. Ẹ ra converter oríṣi buck-boost, èyí tó máa ń gba fóltì 9 dé 18 wọlé tí á sì máa tú 12 jáde láìyẹ̀. Ẹnu wáyà tó ń wọ ráútà náà ní ìwọ̀n: 5.5×2.1mm àti 5.5×2.5mm jọra lójú, tẹ́ ẹ bá ki 2.5 bọ ibi tó yẹ kí 2.1 wọ̀, á wọlé wẹ́rẹ́, á sì máa mì, tẹ́nì kan bá kàn ta tábìlì ráútà á kú á tún tàn. Ẹ ó rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló burú.

Láptọ́ọ̀pù. Tó bá ń gba iná láti ẹnu USB-C, ẹ ṣoríire. Ẹ ra ṣájà ọkọ̀ tó ní USB-C PD, ẹ so ó mọ́ àpótí fíùsì yín, ó parí. Àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ: kì í ṣe àpapọ̀ gbogbo ẹnu ẹ̀ lẹ máa wò, wáàtì tí ẹnu USB-C yẹn nìkan lè tú jáde ni. Fóltì 20 lọ́nà áńpì 3 jẹ́ wáàtì 60, ó tó fún púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá 60, okùn USB-C tó lè gbé áńpì 5 lẹ máa lò, okùn lásán ò ní gbà. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń lo fóltì 19 tàbí 19.5 nílò converter tó ń gbé fóltì sókè. Àwọn kan, bíi ọ̀pọ̀ Dell, ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan láàárín ẹnu ṣájà tí láptọ́ọ̀pù fi ń dá ṣájà ẹ̀ mọ̀, tí kò bá rí i ó lè gba iná láti fi ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kó kọ̀ láti ṣáájì bátìrì. Fún ìyẹn, ẹ ra ṣájà ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún un.

Mọ́nítọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá ní ṣájà tó dá dúró lóde, tí wọ́n kọ fóltì 12 tàbí 19 sí, ẹ lè fún un ní DC bíi ti òkè yẹn. Tó bá jẹ́ pé wáyà ògiri ló wọ inú ẹ̀ tààrà, ẹ jẹ́ kó wà lórí ínfátà, ẹ má tú u o, fóltì inú ẹ̀ lè pààyàn kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà.

Raspberry Pi. Fóltì 5 ló ń lò, Pi 4 fẹ́ áńpì 3, Pi 5 fẹ́ áńpì 5. Ẹ lo converter fóltì 12 sí 5 tó lágbára, kí okùn USB ẹ̀ kúrú kó sì nípọn, torí fóltì 5 ò ní nǹkan kan láti fi ṣòfò. Tí fóltì bá já wálẹ̀ sí bíi 4.63, Pi á gbé àmì mànàmáná jáde lójú kọ̀ǹpútà, á sì dín eré ẹ̀ kù. Tí kò bá ní mọ́nítọ̀, ẹ tẹ àṣẹ yìí sí i: vcgencmd get_throttled. Tó bá dáhùn 0x0, iná ẹ̀ dáa. Nọ́ńbà míì, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn kẹ́ ẹ tó dá nǹkan míì lẹ́bi.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bátìrì méjì tẹ́ ẹ so pọ̀ di fóltì 24: ẹ má fa fóltì 12 lára ọ̀kan nínú wọn. Ìkan á máa tán, ìkejì á máa kún jù, kò ní pẹ́ tí méjèèjì á fi bàjẹ́. Converter tó ń sọ 24 di 12 lẹ máa lò.

Ìgbésẹ̀ keje: ínfátà fún ohun tó kù

Ohun tí kò bá ṣeé ṣe lórí DC lẹ máa fún ínfátà, ẹ ó sì máa pa á tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán. Ẹ ra pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ rí bíi ti ògiri. Àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì òde òní ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní active PFC nínú páwà wọn, modified sine wave ò bá a lára mu, ó lè máa pariwo, ó lè gbóná, ó lè kọ̀ láti tàn. Ẹ má sì ra ínfátà tó tóbi ju iṣẹ́ yín lọ torí pé ọjọ́ kan lè wá, bó bá ṣe tóbi tó náà ló ṣe máa jẹun tó nígbà tí kò ṣe nǹkan kan. UPS náà, ẹ má kì í bọ ínfátà, bátìrì sólà yín gan-an ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ wo fóltì tí ínfátà fi ń pa ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń dúró dé 10.5. Nígbà yẹn, bátìrì òjé ti jìyà tán. Ẹ pa á fúnra yín kó tó débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: títàn fún ìgbà àkọ́kọ́

Bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ so mọ́ kọ̀ntíróólà, kó lè mọ̀ pé fóltì 12 lòun ń bá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni páńẹ́lì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u, páńẹ́lì ló máa kọ́kọ́ kúrò, bátìrì kẹ́yìn. Ẹ má fa ẹnu wáyà páńẹ́lì yọ nígbà tí iná ń kọjá nínú ẹ̀, ẹ pa bírékà tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ tó nípọn bo páńẹ́lì.

Ẹ yan irú bátìrì nínú kọ̀ntíróólà. LiFePO4: ṣíṣáájì dé 14.2 sí 14.6, float (fóltì tó máa dúró sí lẹ́yìn tó bá ti kún) 13.5. AGM: bíi 14.4, float bíi 13.6, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì yín ló lágbára ju tèmi lọ. Ẹnu load tó wà lára kọ̀ntíróólà máa ń gé iná fúnra ẹ̀ tí bátìrì bá lọ sílẹ̀, ẹ so àpótí fíùsì DC mọ́ ọn tí áńpì ẹ̀ bá gbà á, ẹ sọ pé kó gé e ní fóltì 12.0, kó dá a padà ní bíi 12.8. Ínfátà ò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu yẹn, orí bátìrì ni kó lọ pẹ̀lú fíùsì tiẹ̀. BMS inú líthíọ̀mù, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń dáàbò bo bátìrì, náà lè gé iná, àmọ́ ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín nìyẹn, ẹ má sọ ọ́ di súwíìsì ojoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó kù nínú bátìrì, bátìrì òjé tó ti sinmi máa sọ fún yín: 12.7 ó kún, 12.2 ó ku ìdajì. LiFePO4 ò ní sọ. Láti ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún títí dé ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, fóltì ẹ̀ á kàn wà ní nǹkan bíi 13 lé díẹ̀, ẹ ó máa wò ó pé ó dáa, ó dáa, lójijì á kú. Mítà tó ní shunt, èyí tó ń ka áńpì tó wọlé àti èyí tó jáde, ni kẹ́ ẹ rà fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó

Láptọ́ọ̀pù yín ní bátìrì tiẹ̀ nínú, bíi 50Wh. Ẹ ṣáájì ẹ̀ àti fóònù àti páwà báǹkì lọ́sàn-án tí páńẹ́lì ń tú iná jáde, ẹ fi bátìrì inú wọn ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tó wúwo, bíi gbígbé fáìlì ńlá sókè, ṣíṣe fídíò, àpdéètì, ẹ fi sí ọ̀sán. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ kù, ẹ ó rí i lórí mítà lójú ẹsẹ̀. Háàdì dísíìkì ńlá tó ń yí máa ń jẹ wáàtì 5 sí 8 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi SSD, èyí tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú, rọ́pò ẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ò ti ń kú. Lórí Linux, powertop máa bá yín rí ohun tó ń jẹ iná láìnídìí, TLP á sì bá yín dín in kù.

Sẹ́fà kékeré, bíi Pi tó ń tọ́jú fáìlì yẹn, ò fẹ́ kí iná kú mọ́ ọn lórí, káàdì SD ẹ̀ lè bàjẹ́. Tí kọ̀ntíróólà tàbí mítà yín bá ní ẹnu data, ẹ jẹ́ kí Pi máa ka fóltì, kó pa ara ẹ̀ dáadáa ní bíi 12.4 kí kọ̀ntíróólà tó gé e ní 12.0.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lọ tún gbogbo ìdè orí bátìrì àti fíùsì fún, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara wáyà nígbà tí ẹ̀rọ pọ̀ lórí ẹ̀. Ibi tó bá gbóná, ìdè ẹ̀ ò fún tàbí wáyà ẹ̀ kéré, ẹ ṣe é lọ́jọ́ yẹn.

Tójú ọ̀run bá wá ṣú fún ọjọ́ mélòó kan tẹ̀ léra, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ pa: mọ́nítọ̀, lẹ́yìn náà sẹ́fà, lẹ́yìn náà láptọ́ọ̀pù, ráútà ló máa kẹ́yìn. Ráútà wáàtì 8 nìkan lórí converter á jẹ bíi 210Wh lóòjọ́. Pẹ̀lú 1024Wh inú bátìrì 100Ah yẹn, tó bá kún nígbà tí ọjọ́ ṣú, á gbé ráútà fún ọjọ́ mẹ́rin ó lé láìrí oòrùn kankan.